Kí ni pẹpẹ ìwé àti ìgbafẹ́ inú ilé lè sọ nípa ènìyàn?

Kí wọ́n tó gbé omi tútù fún àlejò nínú pálọ̀ tí kò wọ̀ rí, ojú rẹ̀ á ti rìn yí ká ògiri. Á ti rí kàlẹ́ńdà ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún ìyá kan, á ti rí fọ́tò ìgboyèjáde, á ti rí ìwé tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Kó tó mu omi náà tán, ó ti dájọ́ lọ́kàn ara rẹ̀: "Ilé ọ̀mọ̀wé nìyí," tàbí "Àwọn wọ̀nyí mà fẹ́ràn àṣehàn o," tàbí "Onígbàgbọ́ paraku ni bàbá yìí." Gbogbo wa la máa ń ṣe é. Ohun tó dojú ọ̀rọ̀ rú ni pé èrò méjì tó tako ara wọn ló gbilẹ̀ lórí rẹ̀. Àwọn kan gbà pé ìwé tí èèyàn ní àti ohun tó fi ń najú nílé ti tú àṣírí rẹ̀ síta pátápátá. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, pé ẹnikẹ́ni tó bá lówó lè ra ìwé kún ilé láìmọ ohun tó wà nínú wọn. Tọ̀tún tòsì ló ní òtítọ́ díẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn ìwà kan wà tí ilé máa ń fi hàn kedere, àwọn kan sì wà tí kò ní fi hàn láéláé, bó ti wù kí a tẹjú mọ́ ògiri tó.

Ìwádìí tó gbajúmọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni èyí tí Sam Gosling, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Texas ní ìlú Austin, àti àwọn mẹ́ta mìíràn gbé jáde ní 2002. Wọ́n mú ọ́fíìsì 94 àti yàrá ibùsùn 83 ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kí àwọn tó ni ibẹ̀ yẹra, wọ́n bo fọ́tò àti orúkọ tó lè jẹ́ kí a dá wọn mọ̀, wọ́n wá mú àwọn tí kò mọ̀ wọ́n rí wọlé pé kí wọ́n wo àyíká, kí wọ́n sì sọ irú ẹni tó ń lo ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ohun tí àwọn àlejò yìí sọ wé ohun tí onílé sọ nípa ara rẹ̀ àti ohun tí àwọn tó sún mọ́ ọn sọ nípa rẹ̀.

Ìwà márùn-ún ni wọ́n gbé lé ìwọ̀n, àwọn márùn-ún kan náà tí àwọn onímọ̀ máa ń lò káàkiri. Èkíní ni bí ọkàn èèyàn ṣe ṣí sílẹ̀ tó sí èrò tuntun, iṣẹ́ ọnà àti ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Èkejì ni bó ṣe wà létòlétò tó, bóyá ó máa ń parí ohun tó bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ọ̀yàyà àti ìfẹ́ àwùjọ. Ẹ̀kẹrin ni inú rere sí ọmọnìkejì. Ìkarùn-ún ni bí ọkàn rẹ̀ ṣe máa ń tètè dàrú tó tí nǹkan bá le.

Èkíní yìí ni àwọn àlejò mọ̀ jù, pàápàá nínú yàrá ibùsùn. Ọ̀kan lára àmì tó sì ṣeé gbára lé ni onírúurú ìwé. Mi ò ní ọ̀pọ̀ ìwé o, onírúurú ni mo wí. Ẹni tó ní ọgbọ̀n ìwé péré, tó jẹ́ pé ìtàn Ọ̀yọ́, ìwé nípa ewé, ewì, bọ́ọ̀lù àti ìṣirò ló wà nínú wọn, ń sọ ohun kan nípa ara rẹ̀ tí ọ̀ọ́dúnrún ìwé òfin kò lè sọ nípa lọ́yà. Ti ètò náà, wọ́n mọ̀ ọ́n dé àyè kan, torí ẹni tó bá wà létò, yàrá rẹ̀ kì í sábà rí wúruwùru. Ti inú rere ni wọ́n ti kùnà. Nínú ọ́fíìsì, bí ẹni ń méfò lásán ni. Wọ́n rí ibi tó mọ́, tó tuni lára, wọ́n ní onínúure ló ń gbé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìmọ́tótó yàrá kò mọ̀ bóyá ẹni tó ni ín ń na ọmọ ọ̀dọ̀. Tí mo bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń wá ọkọ, èyí ni ǹ bá kọ́kọ́ sọ fún un kó tó lọ sílé ẹnikẹ́ni.

Báwo ni ìwé àti ẹrù lásán ṣe ń gbé ìwà èèyàn jáde? Gosling ní ọ̀nà mẹ́ta ló ń gbà, ibẹ̀ gan-an sì ni àṣìṣe púpọ̀ nínú ìdájọ́ wa ti ń wá, torí a máa ń da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Àwọn ohun kan wà tí a gbé síta kí ayé lè rí wọn. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi gíláàsì bò, àwo ìmọrírì tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú fún bàbá, ìwé gbédègbẹ́yọ̀ olójú ewé ẹgbẹ̀rún tí ọ̀rá rẹ̀ kò tíì já láti ọdún tí wọ́n ti rà á. Ní 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà lé gbogbo ayé sílé, tí ìpàdé di ti orí kọ̀ǹpútà, ẹ rántí bí àwọn olóṣèlú àti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe ń to ìwé sẹ́yìn ara wọn kí kámẹ́rà tó tàn. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ṣọ́ọ̀bù kan wà tó ń fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà ta ìwé, bí a ṣe ń fi ọ̀pá ta ankara: ẹ ó sọ àwọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́, wọ́n á sì kó èyí tó bá àga yín mu wá. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní irọ́ funfun nìyẹn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Àṣehàn náà ń sọ̀rọ̀, àmọ́ ohun tó ń sọ ni irú ẹni tí onílé fẹ́ ká kà á sí. Ẹni tó to ìwé ẹ̀sìn síwájú àti ẹni tó to ìwé òṣèlú síwájú, kódà kí àwọn méjèèjì má ka ojú ewé kan, wọ́n ti sọ ẹni tí wọ́n fẹ́ kó bọ̀wọ̀ fún wọn. Ẹ kàn má ṣe kà á sí ẹ̀rí pé ìmọ̀ inú ìwé náà ti wà lágbárí wọn.

Àwọn mìíràn wà tí a fi pamọ́ fún ọkàn ara wa. Ìwé ètò ìsìnkú ìyá ẹni tó wà nínú dúrọ́ọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ìwé orin tí bàbá bàbá ẹni kọ orúkọ rẹ̀ sí pẹ̀lú yíǹkì tó ti ń ṣá. Ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá tí ẹnìkan gbé dání láti Ìbàdàn lọ sí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò lè kà, tí òun náà kò ṣí ní ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n tí kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni dà nù. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò sọ nǹkan kan nípa bí ẹni náà ṣe ń kàwé. Ohun tó ń tù ú nínú ló ń sọ. Àlejò kì í sábà rí i, bó bá sì rí i, kò ní mọ ìtumọ̀ rẹ̀ àyàfi tí onílé bá ṣàlàyé.

Ọ̀nà kẹta ló dùn mọ́ mi jù. Ipa tí ìṣe wa ń fi sílẹ̀ láìmọ̀ọ́mọ̀ ni. Ẹ gbé Bíbélì inú ilé kan, ẹ wo etí rẹ̀. Ojú ewé Sáàmù ti di pípọ́n, ó ti rọ̀ bí aṣọ àlòkù, Léfítíkù sì ṣì ń rùn bí ilé ìtẹ̀wé. Ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín ibi tí onítọ̀hún máa ń sá lọ tí ayé bá le. Ẹ wo ìwé ìdókòwò tí wọ́n fi bírò fa ìlà sí ní orí kìíní àti orí kejì, tí ìlà náà sì dáwọ́ dúró síbẹ̀ títí ìwé fi parí. Ẹ wo àbàwọ́n epo lórí ìwé ìdáná, nọ́ńbà fóònù ọlọ́kadà tí wọ́n kọ sẹ́yìn ìwé ọ̀rọ̀-ajé, rìsíìtì báńkì tí wọ́n fi sàmì sí ibi tí wọ́n kà dé. Ẹnikẹ́ni kì í to ìwọ̀nyí kí àlejò lè rí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣeé gbà gbọ́ ju orúkọ tó wà lẹ́yìn ìwé lọ. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí pẹpẹ ìwé ń sọ, ẹ wo bí wọ́n ṣe lo ìwé ju bí wọ́n ṣe rà á lọ.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí Èkó, torí ìtàn kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ká rí bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe jinlẹ̀ tó. Nígbà tí Henry Carr, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba, kú ní 1945, nǹkan bí 18,000 ìwé ló ti kó jọ. Kò sí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà nígbà náà, kò sì sí ọ̀pọ̀ ibi tí èèyàn ti lè yá ìwé. Ìjọba ra ìwé rẹ̀, wọ́n sì wà lára ohun tí wọ́n fi pilẹ̀ ilé ìkàwé yunifásítì Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948, èyí tí à ń pè ní Ilé Ìkàwé Kenneth Dike lónìí. Ọmọ Sàró ni Carr, ìyẹn ìran àwọn tó padà wálé láti Sierra Leone. Èkó ni wọ́n ti bí i ní 1863, ó kàwé ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay ní Freetown, ó gboyè nínú ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ó padà wálé, ó di olùkọ́, ó di alábòójútó ilé ẹ̀kọ́, nígbà tó sì di 1918, ìjọba òyìnbó fi í ṣe Rẹ́sídẹ́ǹtì, ìyẹn aṣojú ìjọba, ní Kólónì Èkó. Ó wà nípò náà títí di 1924.

Ká ní wọ́n mú àwọn àlejò Gosling wọ ilé Carr, mo gbà pé wọ́n á gba máàkì tó pọ̀. Wọ́n á ní: ọkàn ẹni yìí ṣí sílẹ̀ sí ìmọ̀, ó wà létò, ó ní sùúrù. Wọn kò ní ṣìnà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ará Èkó ń béèrè nípa Carr nígbà ayé rẹ̀ yàtọ̀ gédégbé. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni ẹ̀yìn ta ni Carr wà: ẹ̀yìn ìlú ni àbí ẹ̀yìn ìjọba? Lójú Herbert Macaulay àti ọ̀pọ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn Elékòó Èṣùgbàyí, ọba Èkó, ẹni ìjọba ni Carr. Ní 1924, Macaulay kọ ìwé pélébé kan síta pé àfi kí Carr fi ipò náà sílẹ̀. Èyí ó wù kó tọ́ nínú àwọn méjèèjì, kò sí ìwé kan nínú 18,000 yẹn tó lè dáhùn ìbéèrè náà. Pẹpẹ ìwé lè sọ bí èèyàn ṣe ń ronú. Ẹni tó máa dúró tì lọ́jọ́ ìjà, ìyẹn kò sí níbẹ̀.

Macaulay náà ní tirẹ̀. Ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni, iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ ló lọ kọ́ ní Plymouth ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì máa ń ta fáyólìn nílé rẹ̀ ní Èkó, ilé tó sọ ní Kirsten Hall. Àmọ́ ohun tó wúlò jù nínú ohun tó fi sílẹ̀ ni àwọn ìwé tí kò jẹ́ sọ nù: lẹ́tà, ìwé ẹ̀bẹ̀, ojú ewé tó gé nínú ìwé ìròyìn. Ipa ìjà rẹ̀ pẹ̀lú ìjọba ló kún inú wọn, kò sì tò wọ́n jọ láti fi wu ẹnikẹ́ni. Ìbàdàn náà ni wọ́n kó wọn lọ, sínú ilé ìkàwé kan náà. Àwọn méjì tí kò lè wo ojú ara wọn lórí ilẹ̀ Èkó wá di aládùúgbò lábẹ́ òrùlé kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń lọ ka àwọn méjèèjì láàárín ọjọ́ kan.

Bí wọ́n ṣe to ìwé pàápàá lè sọ nǹkan. Samuel Pepys, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọkọ̀ ogun ojú omi ọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ní ìwé 3,000. Kò tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí ohun tó wà nínú wọn. Gíga ló fi tò wọ́n, láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó ga jù, ó sì gbẹ́ pákó kéékèèké sábẹ́ àwọn tó kúrú kí orí gbogbo wọn lè dọ́gba. Wọ́n ṣì wà bẹ́ẹ̀ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Magdalene ní Cambridge. Ìwé tó fi ṣàkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́ wà lára wọn, ìwé náà sì jẹ́ ká mọ̀ pé ọkùnrin tó lè fi pákó dọ́gba orí ìwé yìí kò rí ara rẹ̀ kó níjàánu tó bá di ọ̀rọ̀ obìnrin. Ẹ fi kún ohun tí mo sọ nípa yàrá tó mọ́.

Ìgbafẹ́ ńkọ́? Ní tèmi, ohun tí èèyàn fi ń najú ń sọ òtítọ́ ju ìwé rẹ̀ lọ, nítorí pé èèyàn lè fi owó ra ìwé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ìgbafẹ́ ń gba àkókò. Robert Stebbins, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Kánádà, ya ìgbafẹ́ sí ọ̀nà méjì nínú ohun tó kọ ní 1982. Ọ̀kan ni èyí tí a fi ń sinmi lásán, irú bíi kí á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Èkejì ni èyí tó ń béèrè pé ká kọ́ nǹkan, ká forí tì í fún ọ̀pọ̀ ọdún, ká sì máa dára sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò sanwó fún wa. Èkejì yìí ló ń fi ìwà hàn. Bàbá kan tó ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewúro sínú àpò ìrẹsì àtijọ́ lẹ́yìn ilé tó háyà, ewébẹ̀ nìkan kò sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Àmọ́ tó bá ń kọ ọjọ́ tó gbin wọ́n sílẹ̀, tó ń dán irúgbìn kan wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn, tó sì ń bi àwọn àgbẹ̀ léèrè, ẹ ti rí irú ẹni tó jẹ́.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú orúkọ ìgbafẹ́ náà, torí kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ohun tí a rò. Ẹ wo Scrabble, tí ọmọ Nàìjíríà mọ̀ dáadáa. Wellington Jighere gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé ní Perth ní Australia ní 2015, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Ẹni tó bá rí ọpọ́n Scrabble nílé èèyàn á rò pé olólùfẹ́ èdè àti ìwé kíkà ni. Lọ́dún yẹn kan náà, Nigel Richards, ọmọ New Zealand, gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé ti èdè Faransé láìgbọ́ Faransé. Ó kàn há àwọn ọ̀rọ̀ inú ìwé atúmọ̀-èdè sórí ni. Ìrántí àti ìṣirò ló pọ̀ nínú eré náà. Ayò ọlọ́pọ́n kò jìnnà sí i: ojú ọpọ́n méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, ẹni tí kò bá lè ka ohun tó wà lọ́wọ́ ọ̀tá láìfọwọ́ kàn án, wọ́n á pa á láyò. Síbẹ̀ tí ẹ bá jókòó ti àwọn tó ń ta ayò lábẹ́ igi, kì í ṣe ẹni tó ń borí lẹ máa rí ìwà rẹ̀. Ẹni tó ń pàdánù ni kí ẹ wò.

Nígbà mìíràn, ìgbafẹ́ a máa fi apá kan hàn tí iṣẹ́ ẹni kò fi hàn. Gbogbo ayé mọ Wọlé Ṣóyínká sí òǹkọ̀wé, ṣùgbọ́n ọdẹ ni, ó sì ti ń kó ère àti iṣẹ́ ọnà àtijọ́ jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, débi pé wọ́n pàtẹ díẹ̀ nínú wọn ní Yunifásítì Harvard ní 2017. Ní Salvador ní Brazil, Pierre Verger, ọmọ Faransé tí wọ́n tẹ̀ nífá ní Kétu tí wọ́n sì sọ ní Fátúmbí, gbé nínú ilé kan tí kò sí ohun ọ̀ṣọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi àga àti kápẹ́ẹ̀tì díwọ̀n èèyàn á ní tálákà ni. Ó lé ní 62,000 fíìmù fọ́tò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ lórí ewé àti ọfọ̀ tó ń bá àwọn babaláwo kó jọ. Ilé náà ti di ibi tí àwọn olùwádìí ń lọ báyìí.

Ó kù síbì kan tí mo fẹ́ ká tẹ̀lé jẹ́jẹ́: ilé tí kò sí ìwé. Ní 2010, M. D. R. Evans, onímọ̀ nípa àwùjọ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde láti orílẹ̀-èdè 27. Wọ́n rí i pé ọmọ tó dàgbà nínú ilé tó ní ìwé 500 máa ń fi nǹkan bí ọdún mẹ́ta kàwé ju ọmọ tó dàgbà nínú ilé tí kò ní ìwé kankan, kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ipa ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ àwọn òbí kúrò. Ìwé díẹ̀ pàápàá ń ṣe ìrànwọ́. Àwọn kan ti gbá èyí mú, wọ́n sì ń fi bú ilé tí kò níwèé. Ìwádìí náà sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ọmọ lápapọ̀. Kò sọ ohun kan nípa ìwà òbí tó wà níwájú yín.

Ẹni tó ń gbé yàrá kan pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin, níbo ló fẹ́ gbé pẹpẹ ìwé sí? Ẹni tí lánlọ́ọ̀dù ti lé kúrò nílé léraléra, ìwé ló máa ń kọ́kọ́ fi sílẹ̀, torí ó wúwo. Ẹ fi ikán kún un, ẹ fi òrùlé tó ń jò kún un, ẹ fi ọ̀rẹ́ tó yá ìwé tí kò dá a padà kún un, ẹ wá fi iye tí wọ́n ń ta ìwé báyìí lé e. Babaláwo àgbà kan lè má ní ìwé kankan nílé, kí odù 256 àti ẹsẹ wọn tí kò lóǹkà wà lágbárí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ rí. Ìyá tó ń jí ní agogo mẹ́rin lọ sọ́jà, tó ń padà wá dáná, àkókò wo ló fẹ́ fi hun aṣọ tàbí gbin òdòdó? Tó bá tiẹ̀ ráyè ṣe ìlẹ̀kẹ̀ tàbí sin ìgbín, láìpẹ́ á di òwò, torí owó ilé ẹ̀kọ́ kò ní dúró. Nítorí náà, ohun tó wà nílé lè sọ nǹkan fún yín, àmọ́ ohun tí kò sí níbẹ̀, ẹ má tètè túmọ̀ rẹ̀ sí òpè tàbí ọ̀lẹ.

Ní báyìí, pẹpẹ ìwé ọ̀pọ̀ èèyàn ti wọnú fóònù. Bíbélì wà níbẹ̀, Kùránì wà níbẹ̀, PDF tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp wà níbẹ̀, àlejò kò sì lè rí ọ̀kankan. Àwọn ilé iṣẹ́ ló ń rí i. Ní 2015, àwọn olùwádìí ní Cambridge àti Stanford fi hàn pé tí kọ̀ǹpútà bá ti mọ ohun mẹ́wàá tí èèyàn tẹ̀ pé òun fẹ́ràn lórí Facebook, ó lè sọ ìwà rẹ̀ ju ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lọ; tó bá mọ 70, ó ju ọ̀rẹ́ lọ; tó bá tó 300, ó lè dé ibi tí ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ mọ̀ ọ́n dé. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe pé ohun kan ṣoṣo ń tú àṣírí. Ọ̀pọ̀ ohun kéékèèké tí a kó jọ ló ń ṣe é.

Ohun kan ṣoṣo, tàbí ìdì kan tí a yọ wò, sábà máa ń tan èèyàn jẹ. Ní 1987, wọ́n yan Robert Bork pé kó di adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà. Akọ̀ròyìn kan lọ gba orúkọ fíìmù 146 tí ìdílé Bork ti háyà ní ṣọ́ọ̀bù fídíò, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn. Àwọn tó ń retí ìtìjú kò rí nǹkan kan, fíìmù tí gbogbo èèyàn ń wò ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba àwọn aṣòfin fúnra wọn, torí àwọn náà ń háyà fídíò. Ní 1988 wọ́n ṣòfin pé ṣọ́ọ̀bù fídíò kò gbọdọ̀ tú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ síta láìgba àṣẹ oníbàárà.

Kí n má gbàgbé àwọn ìdánwò orí ayélujára tó ń sọ pé, "Mú ìwé kan, a ó sọ irú ẹni tó o jẹ́." Ní 1948, Bertram Forer, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ìdánwò nípa ìwà, ó sì fún oníkálukú ní èsì tirẹ̀. Nínú máàkì márùn-ún, wọ́n fún èsì náà ní 4.26 pé ó bá àwọn mu. Wọn kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ló kọ fún gbogbo wọn. "O máa ń dá ara rẹ lẹ́bi jù," "O ní agbára tó o kò tíì lò": ta ni kò ní sọ pé òun ni wọ́n ń bá wí?

Tí ẹ bá tún wọ pálọ̀ èèyàn, tí ojú sì ń rìn, mo ní ìbéèrè díẹ̀ tó ṣeé mú dání. Ta ló ni ìwé yìí? Nítorí ogún bàbá ni omíràn, ẹ̀bùn ni omíràn, ẹrù ẹ̀gbọ́n tó wà ní Canada ni omíràn. Ṣé wọ́n ti lò ó, àbí wọ́n tò ó? Ṣé oríṣiríṣi ni, àbí ọ̀kan ṣoṣo tó tún ara rẹ̀ ṣe? Ìgbà wo ni ẹni náà ń ráyè? Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ mú ìwé kan sọ́wọ́ kí ẹ bi onílé pé, "Ẹ̀gbọ́n, báwo ni èyí ṣe dé ọwọ́ yín?" Ẹ wá jókòó dáadáa, torí ó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó parí àlàyé.